Ìbọn Dákẹ́ ní Kíríjì, Ẹjọ́ Kò Tán

Ó ti di àṣà láàrin wa láti máa wí pé ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni ogun Kíríjì parí. Bẹ́ẹ̀ ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùsọ̀rọ̀ sì ń wí níbi ìrántí ọjọ́ náà, tí àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọjọ́. A fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Ohun tí a ń bá wọn jiyàn lé lórí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí: parí. Ọ̀tọ̀ ni kí ìbọn dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ìjà parí. Ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì, kí a má ṣe rán an ní iṣẹ́ àlàáfíà láéláé.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè máà tí ì gbọ́ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ṣókí. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, Ìbàdàn ni ó di apá ogun ilẹ̀ wa. Àwọn ni wọ́n lé ogun Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, a kò sì lè ṣàì yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gbani là ni ó padà di ọwọ́ tí ń gbáni lẹ́nu. Wọ́n fi àjẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn àjẹ́lẹ̀ wọ̀nyí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń jẹ ohun tí wọn kò gbìn, wọ́n sì ń ṣe èyí tí ó wù wọ́n nínú ilé onílé, títí ọ̀ràn náà fi sú àwọn tí ó ni ìlú. Ní ọdún 1878 Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí wọn, àwọn ìlú yòókù sì tẹ̀lé e. A pa àwọn àjẹ́lẹ̀, a dá Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, Ògèdèǹgbé akọni Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Àrẹ Látòósà kó Ìbàdàn jáde láti fi ìyà jẹ wọ́n. Ogun méjèèjì tẹ̀dó kọjú sí ara wọn ní ẹ̀bá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ibùdó di ìlú: a kọ́ ilé síbẹ̀, a ná ọjà níbẹ̀, a bí ọmọ síbẹ̀. Ìró àwọn ìbọn òyìnbó tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó rà ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn ni ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Látòósà tìkára rẹ̀ kú sí ibùdó ní ọdún 1885. Kò fi ojú kan ilé mọ́.

Kí ni ó mú kí àlàáfíà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé? Kì í ṣe pé kò sí alárinà. Aláàfin Adéyẹmí ránṣẹ́ sí Gómìnà Èkó ní ọdún 1881, ó ní kí ó wá bá àwọn làjà. Alàgbà J. B. Wood, òjíṣẹ́ ìjọ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, gbìyànjú tirẹ̀ ní ọdún 1884 àti 1885, pàbó ni ó já sí. Ìṣòro kìn-ín-ní ni ti ẹ̀yìn yíyí. Ogun tí ó bá kọ́kọ́ ká àgọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ sí ọ̀tá. Ọ̀tá tí ó bá sì rí ẹ̀yìn, kò ní í ṣàì lé e. Nítorí náà kálukú ń wí pé kí ẹnìkejì kọ́kọ́ lọ. Ìṣòro kejì ni pé ogun ti di iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀pọ̀ olórí ogun ti ra ẹ̀tù àti ìbọn ní àwìn, ẹrú tí wọ́n bá kó ni wọ́n sì ń fi san gbèsè. Bí ogun bá tú ká lónìí, olówó yóò dé lọ́la. A kì í sábà sọ èyí níbi ìrántí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ìṣòro kẹta ni ti Aláàfin. Ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ baba fún gbogbo wọn, àwọn Èkìtì ń fura pé ti Ìbàdàn ni ó ń ṣe, àwọn Ìbàdàn sì ń fura pé òun ni ó ń ti Èkìtì lẹ́yìn ní ìkọ̀kọ̀. Alárinà tí ìhà méjèèjì ń fura sí, kí ni yóò lè là?

Ní ọdún 1886 ni Gómìnà Moloney rán Samuel Johnson, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn, àti Charles Phillips, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Òǹdó, láti lọ bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ọkùnrin méjì wọ̀nyí ṣe. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó, wọ́n jókòó ní ibùdó, wọ́n gbọ́ àròyé àwọn ọba àti balógun títí ilẹ̀ fi ń ṣú tí ilẹ̀ sì ń mọ́; láìsí wọn, bóyá ìbọn ì bá tún ró fún ọdún mẹ́wàá sí i. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa yìí bu iṣẹ́ wọn kù. Ìwé tí iṣẹ́ náà bí ni a ń bá wí.

Ẹ wo ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan béèrè. Èkìtì Parapọ̀ béèrè òmìnira, ìyẹn ni pé kí Ìbàdàn má ṣe fi àjẹ́lẹ̀ sí ìlú wọn mọ́. Ìbàdàn gbà, nítorí ogun ti kọ́ wọn pé kò sí bí wọn yóò ti ṣe tí wọn kò ní í gbà. Èkìtì Parapọ̀ tún béèrè ìlú mẹ́rin, Ìgbájọ, Ọ̀tán, Ìrẹ̀sì àti Àdá. Èyí ni Ìbàdàn kọ̀. Àwọn Ifẹ̀, tí wọ́n wà lẹ́yìn Èkìtì Parapọ̀, béèrè pé kí a mú àwọn ará Mọ́dákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ àwọn.

Lórí òmìnira, ìwé náà sọ pé kí Aláàfin àti Ọ̀wá Iléṣà máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ìgbà tí Èkìtì wà ní òmìnira rí. Ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí. Ó fún Ọ̀wá ní ipò rẹ̀, kò gba ti Aláàfin lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ẹrù lé orí nítorí rẹ̀. Lórí ìlú mẹ́rin náà, ìwé sọ pé kí wọ́n wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò bá fẹ́ máa lọ sí ibi tí ó wù ú. Bí a bá tilẹ̀ rí ẹni tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn, a fi yíyàn sí i lọ́wọ́. Láti ọdún 1886 títí di òní, Ìbàdàn àti Èkìtì kò tún gbé ogun ko ara wọn mọ́. Abala wọ̀nyí dúró, a sì fi ọlá fún àwọn tí ó kọ ọ́.

Nígbà tí ó kan Mọ́dákẹ́kẹ́, ohùn ìwé náà yí padà. Ó pàṣẹ pé kí ìlú náà kúrò níbi tí ó wà. Àwọn tí ó bá fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàrin odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Àwọn tí ó bá fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ilẹ̀ tí Mọ́dákẹ́kẹ́ wà, bí kò ṣe ní inú ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ́hùn-ún. Yíyàn méjì ni ó wà níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jẹ́ pé kí ènìyàn jókòó sí ilé rẹ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ síwájú, ó yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjèèjì, nítorí agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé sá wá sí Ifẹ̀, Ifẹ̀ sì gbà wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1847 ni Ọọ̀ni Abéwéilá fún wọn ní ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí lọ́tọ̀, èyí tí ó di Mọ́dákẹ́kẹ́. Inú àwọn Ifẹ̀ kan kò dùn sí i. Láìpẹ́ ọ̀ràn náà di ogun: ní ọdún 1849 Mọ́dákẹ́kẹ́ fọ́ Ifẹ̀, àwọn Ifẹ̀ sì sá lọ sí Ìsọyà, wọn kò padà títí di ọdún 1854. Ní ọdún 1882, nígbà tí ogun Kíríjì gbóná tí Ifẹ̀ sì lọ ti Èkìtì Parapọ̀ lẹ́yìn, Mọ́dákẹ́kẹ́ tún fọ́ Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà ní ọjọ́ tí a kọ ìwé àdéhùn, Ifẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀ wa ń pè ní orírun jẹ́ ahoro, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà káàkiri ní ìlú onílùú. Ta ni yóò wí pé kí àwọn bẹ́ẹ̀ má bínú? Ẹni tí a fún ní yàrá ni ó lé onílé jáde, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ìhà kejì. Bí ogójì ọdún ni Mọ́dákẹ́kẹ́ ti wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bí ní ọdún 1847 ti ní ọmọ tirẹ̀, òkú baba rẹ̀ sì ti wà ní ilẹ̀ ilé. Kò mọ Ọ̀yọ́ Ilé rí. Igbó ti bò ó. Bí ẹnìkan bá wí fún un pé, “Padà sí ilé rẹ,” níbo ni yóò lọ? Ó yẹ kí àwọn tí ó kọ ìwé náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wí fún un pé ta ni yóò san owó ilé tí yóò fi sílẹ̀, ta ni yóò fún un ní oúnjẹ títí oko tuntun yóò fi so, ta ni yóò sì ṣọ́ ọ ní ojú ọ̀nà. Àṣẹ kíkó wà nínú ìwé. Ètò tí yóò mú kí kíkó ṣeé ṣe fún ọmọ ènìyàn kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ó bí wa nínú jù lọ nìyí. Àwọn ńlá ní ẹjọ́ tí ó le láàrin ara wọn. Ìbàdàn mú ìlú mẹ́rin, Èkìtì fi í sílẹ̀ fún un. Ó kù kí ìhà ti Èkìtì náà rí ohun kan mú lọ sí ilé. Mọ́dákẹ́kẹ́ ni a fi fún wọn. Ìwé náà fi ilé ẹlòmíràn san gbèsè tí ó wà láàrin àwọn balógun. Ìbàdàn tí ó fi ọwọ́ sí i sì mọ̀ dájú pé òun kò ní í lé Mọ́dákẹ́kẹ́, nítorí ọ̀rẹ́ òun ni, ó sì ti bá òun ja ogun. Èkìtì tí ó gbà á mọ̀ pé òun kò ní í wá láti òkè láti wá ṣí wọn nídìí, nítorí ó ti sú u, ó fẹ́ lọ sí oko rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba Èkó, Higgins àti Oliver Smith, dé láti tú ibùdó ká, wọ́n tú u, a sì fi iná sí i. Mọ́dákẹ́kẹ́ kò ṣí. Àwọn aṣojú náà padà sí Èkó láìṣe nǹkan kan sí i.

Àwọn kan yóò dáhùn pé agídí Mọ́dákẹ́kẹ́ ni ó ba ìwé tí ó dára jẹ́. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ báyìí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ sí ilé rẹ̀ ní alẹ́ òní kí ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí, kí ó sì rò ó bí òun yóò ti ṣe bí ìwé kan láti Èkó bá ní kí òun kó wọn lọ sí àárín odò méjì. Àdéhùn tí kò lè dúró àfi bí ẹgbẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún ènìyàn bá ṣe ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní í ṣe, àléébù wà nínú àdéhùn náà.

Àwọn mìíràn, àwọn tí ó kàwé, yóò mẹ́nu kan Lausanne. Nítòótọ́, ní ọdún 1923, lẹ́yìn ogun láàrin Gíríìsì àti Tọ́kì, a fi ìwé pàṣẹ níbẹ̀ pé kí àwọn Kristẹni tí ń gbé ilẹ̀ Tọ́kì lọ sí Gíríìsì, kí àwọn Mùsùlùmí tí ń gbé Gíríìsì lọ sí Tọ́kì, àfi díẹ̀ nínú wọn. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó fi ilé sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjèèjì kò sì tíì bá ara wọn ja irú ogun bẹ́ẹ̀ mọ́. A kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ni ogun ti lé jáde kí ìwé tó dé. Ìjọba méjì tí ó ní ọmọ ogun àti ọkọ̀ ojú omi ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó náà sì kú sí àgọ́ nítorí àìsàn àti ebi. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Lausanne ṣe àpẹẹrẹ, kí ó ka iye òkú mọ́ owó tí a fi rà á. Ìjọba Èkó ọdún 1886 kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, a sì dúpẹ́ pé kò ní i.

Ohun kan tún wà tí a óò sọ ní kíá. Ìwé àdéhùn náà kò de Ìlọrin. Ìlọrin sì dó ti Ọ̀ffà títí ó fi ṣẹ́gun rẹ̀, ogun Ìbàdàn sì kúrò ní Kíríjì, ó lọ tẹ̀dó sí Ìkìrun láti kọjú sí i, ó sì wà níbẹ̀ títí Gómìnà Carter fi wá tú wọn ká ní ọdún 1893. Ọdún méje gbáko ni èyí lẹ́yìn tí ogun “parí.” Ìwé náà sì ti kọ ọ́ pé bí iyàn bá dé lórí ìtumọ̀ rẹ̀, Gómìnà Èkó ni yóò dá a, ìdájọ́ rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ òpin. Àwọn baba wa rò pé alárinà ni wọ́n yàn. Ní ọdún 1893 kan náà alárinà ti di onílé: Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn fi ọwọ́ sí ìwé mìíràn, ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 sì ni ìbọn ńlá ìjọba dún sí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní ọdún 1886 ni ìbéèrè yìí: ta ni ó ni ilẹ̀, ta ni ó lè lò ó, kí ni ẹni tí ń lò ó yóò san, níwájú ta ni wọn yóò sì ti ṣẹjọ́? Àwọn Ifẹ̀ padà sí ilé wọn ní ọdún 1894, wọ́n bá aládùúgbò wọn níbi tí wọ́n fi í sí, ìbéèrè náà sì wà láàrin wọn láìsí ìdáhùn. Ní ọdún 1909 ìjọba òyìnbó rántí àṣẹ kíkó, a tú Mọ́dákẹ́kẹ́ ká. Àwọn kan lọ dá Òde-Òmu sílẹ̀, àwọn mìíràn fọ́n ká sí ìlú mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1922 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kòkó dé, ilẹ̀ di owó, ìṣákọ́lẹ̀ sì di ìjà ní àwọn ọdún 1940. Ní ọdún 1981 a pa ara wa, ní ọdún 1983 a tún pa ara wa lẹ́yìn ìdìbò. Ní ọdún 1996 ìjọba ológun dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ yóò wà di ọ̀ràn, ní ọdún 1997 ìbọn sì ró, ó sì tún ró ní ọdún 2000. Àwọn tí ó kú ní ọdún náà, baba ńlá wọn ni ó wà láyé nígbà tí a sọ pé ogun parí.

Kí ni ó yẹ kí a ti ṣe? A mọ̀ pé ó rọrùn láti gbọ́n lẹ́yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ṣàìmọ bí a ti ń parí ẹjọ́ ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń parí rẹ̀ láàrin ẹbí. Wọn a pe olúwa ilẹ̀ àti àlejò jókòó, wọn a rìn dé ààlà, wọn a fi igi sàmì sí i, wọn a sì sọ ohun tí àlejò yóò máa mú wá lọ́dọọdún, kí ẹnu olúwa ilẹ̀ lè gbà pé ilẹ̀ òun ni, kí ọkàn àlejò sì balẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lè lé òun. Bí a bá ti fi èyí ṣe abala kìn-ín-ní ìwé náà, tí Ifẹ̀ padà sí ilé pẹ̀lú ọlá, tí Mọ́dákẹ́kẹ́ sì jókòó sí tirẹ̀ pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀ tí a mọ iye rẹ̀, ì bá ṣòro, ì bá pẹ́, bóyá ibùdó kì bá sì tú ká ní oṣù kẹsàn-án. Kí ó tú ká ní oṣù kejìlá, a kì bá bínú.

Ìbéèrè wa sí àwọn tí ń ṣètò ìrántí náà kéré. Nígbà tí ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án bá tún dé, tí a bá ti lu ìlù tí a sì ti ki àwọn balógun ní oríkì tán, kí a ka abala Mọ́dákẹ́kẹ́ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó jẹ́ pé ará Ifẹ̀ kan ni yóò ka ìdajì, kí ará Mọ́dákẹ́kẹ́ kan sì ka ìdajì. Lẹ́yìn náà kí a fún àwọn méjèèjì ní àga lórí pèpéle kan náà, kí a sì bi wọ́n léèrè, níwájú gbogbo ọba tí ó bá wà níbẹ̀, ohun tí wọn ì bá kọ sí ibẹ̀.